Bí ẹ ṣe lè fi ìwé ìkànìyàn àtijọ́ wá bàbá àgbà tó lọ sí Ìlú Ọba tí kò bọ̀ mọ́

Ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí jù lọ nìyí: bàbá àgbà wọkọ̀ ojú omi lọ sí Liverpool kí ogun Hitler tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n kọ lẹ́tà díẹ̀ sílé, a ò gbúròó wọn mọ́, níbo la ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn? Nígbà mìíràn, Cardiff tàbí London ni ẹ dárúkọ. Nígbà mìíràn, kì í ṣe bàbá àgbà, ẹ̀gbọ́n ìyá bàbá ni. Ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé ìkànìyàn ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ẹ má fi orúkọ ṣáájú. Orúkọ Yorùbá ni nǹkan àkọ́kọ́ tó máa ń bàjẹ́ lọ́wọ́ akọ̀wé òyìnbó. Ẹni tó bá rọ̀ mọ́ orúkọ nìkan á wá a títí, á ní kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀ gbagidi. Ibi tí wọ́n bí èèyàn, iṣẹ́ tó ń ṣe àti àdúgbò tó sùn sí ló ń mú un jáde.

## Ṣé ó tiẹ̀ lè wà nínú ìkànìyàn kankan?

Ẹ dáhùn èyí kí ẹ tó sanwó fún ìkànnì kankan. Ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n ń ka èèyàn níbẹ̀, ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n sì ń ti ìwé náà pa kí aráyé tó lè rí orúkọ inú rẹ̀. Àwọn tó wúlò fún wa nìyí:

- 1881, 1891 àti 1901. Akànìyàn ló ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ọjọ́ tí wọ́n kà wọ́n ni 3 oṣù Kẹrin 1881, 5 oṣù Kẹrin 1891 àti 31 oṣù Kẹta 1901. Orúkọ, ipò nínú ilé, ọjọ́ orí, iṣẹ́ àti ibi tí wọ́n bí ẹni náà wà níbẹ̀.
- 2 oṣù Kẹrin 1911. Onílé fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, ìwé tó kọ náà ni wọ́n sì tọ́jú. Tí bàbá yín bá ti ń dá ilé gbé nígbà náà, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ìkọ̀wé ọwọ́ wọn lẹ máa rí. Wọ́n tún béèrè iye ọdún tí tọkọtaya ti fẹ́ra, iye ọmọ tí wọ́n bí, iye tó wà láàyè àti iye tó ti kú.
- 19 oṣù Kẹfà 1921. Èyí ni mo fẹ́ràn jù, torí ó béèrè orúkọ ẹni tó gbà wọ́n síṣẹ́. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ lè kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ síbẹ̀, ó sì lè kọ orúkọ ọkọ̀ gan-an.
- 1931. Ẹ gbàgbé rẹ̀. Ti England àti Wales jóná ráúráú ní Hayes ní oṣù Kejìlá 1942. Ti Scotland bọ́, ṣùgbọ́n kò tíì ṣí.
- 29 oṣù Kẹsàn-án 1939. Kì í ṣe ìkànìyàn gidi. Ìforúkọsílẹ̀ tí wọ́n ṣe nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ni, ó sì ti ṣí. Mo máa sọ ọ́ lọ́tọ̀ nísàlẹ̀, torí kò béèrè ohun tí àwọn yòókù béèrè.
- 1941 kò wáyé nítorí ogun. 1951 ṣì wà ní títì.

Bí èèyàn yín bá débẹ̀ ní 1923, tó sì kú ní 1937, kò sí ìkànìyàn kan tó lè ní in. Ẹ má fowó ṣòfò. Ẹ kọjá sí abala "Tí ìkànìyàn bá kọ̀".

Àwọn kan á ní, ìkànìyàn ti ilé wa ńkọ́? Ti 1963, 1991 àti 2006, iye èèyàn ni ìjọba gbé jáde, kì í ṣe orúkọ. Ẹ kò lè fi wọ́n wá ẹnì kan. Nílé, ìwé ìsàmì ìjọ, ìwé ilé-ìwé àti National Archives tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn ló lè ràn yín lọ́wọ́, àwọn ni ẹ ó sì fi mọ irú orúkọ tó gbé lọ.

## Iṣẹ́ tó wà nílé kí ẹ tó dé orí kọ̀ǹpútà

1. Ẹ kọ gbogbo orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Àbísọ, orúkọ ìsàmì tàbí orúkọ Mùsùlùmí, orúkọ ilé-ìwé, ìnagijẹ, orúkọ bàbá rẹ̀ àti ti bàbá bàbá rẹ̀. Nígbà náà, orúkọ bàbá lásán lè di orúkọ ìdílé lójú òyìnbó. Ẹ wo Àìná, ọmọ Òkè-Ọ̀dàn tí Gezo ọba Dahomey fà lé Kápítéènì Frederick Forbes lọ́wọ́ ní 1850. Forbes tó di orúkọ rẹ̀, ti kápítéènì ni; Bonetta, ti ọkọ̀ ojú omi tó gbé e ni. Nígbà tó fẹ́ James Davies ní Brighton ní 1862, ó tún di Davies. Ẹni tó bá ń fi Àìná nìkan wá a nínú ìwé òyìnbó, ilẹ̀ á ṣú bá a.

2. Ẹ fojú bu ọjọ́ orí rẹ̀. Àwọn àgbà lè má mọ ọdún, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà náà. Ṣé ó ti gbọ́n kí réluwéè tó dé Ìbàdàn ní 1901? Ṣé ó ti kúrò nílé kí ogun Adùbí tó jà ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní 1918? Ọdún tí ẹ bá rí, ẹ fi márùn-ún síwájú rẹ̀, ẹ fi márùn-ún sẹ́yìn.

3. Ẹ yí fọ́tò padà. Ọ̀pọ̀ ilé fọ́tò ló máa ń lu òǹtẹ̀ orúkọ wọn àti ìlú wọn sẹ́yìn páálí. Àpò lẹ́tà náà ṣe pàtàkì ju lẹ́tà lọ nígbà mìíràn, torí òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ ní ìlú àti ọjọ́ lára. Ẹ fi fóònù ya iwájú àti ẹ̀yìn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ sítáǹbù kúrò.

4. Ẹ béèrè iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. "Ó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀" kò tó. Ṣé alásè ni, àbí ẹni tó ń da èédú sínú iná ọkọ̀, àbí ọmọ ilé-ìwé tó fi iṣẹ́ ọkọ̀ san owó ọ̀nà? Bí wọ́n bá rántí orúkọ ọkọ̀, èyí tó dà bí orúkọ ìlú Áfíríkà pàápàá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe pè é. Elder Dempster tó ń ná Èkó sí Liverpool fi orúkọ ìlú ilẹ̀ wa sọ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ rẹ̀.

5. Ẹ béèrè nípa ìyàwó òyìnbó. Ẹ rọra béèrè é, kó má jẹ́ níṣojú gbogbo ilé. Àgbà ìyá kan máa ń wà tó mọ̀.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí mẹ́ta ó kéré tán wà lọ́wọ́ yín nínú ìwọ̀nyí:

- orúkọ tó gbé lọ, kì í ṣe èyí tí a ń pè é nílé nìkan
- ọdún tí wọ́n bí i, pẹ̀lú àlàfo ọdún márùn-ún síwá sẹ́yìn
- ìlú tó gúnlẹ̀ sí
- iṣẹ́
- orúkọ ìyàwó tàbí ọmọ tó wà lọ́hùn-ún

## Ibi tí ìwé náà wà, àti èyí tí kò gbowó

Ìkànnì FamilySearch kò gbowó, àdàkọ ìkànìyàn 1881 sì wà lórí rẹ̀ lódindi. FreeCEN náà kò gbowó, ṣùgbọ́n àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ló ń dà á kọ, kò sì kárí gbogbo àgbègbè. Findmypast àti Ancestry ló ní gbogbo àwòrán ojú ìwé, owó ni wọ́n sì ń gbà.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ pe mọ̀lẹ́bí tó wà ní Peckham tàbí Manchester. Ọ̀pọ̀ láíbìrì ìjọba níbẹ̀ ló ní ọ̀kan nínú ìkànnì méjèèjì yìí lórí kọ̀ǹpútà wọn, ẹni tó bá ní káàdì láíbìrì á lò ó láìsan nǹkan kan. Ní National Archives ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Kew, London, ọ̀fẹ́ ni, títí kan ti 1921. Ẹ fi ìwé tí ẹ ti kọ ránṣẹ́ sí ẹni náà, kó má lọ máa wá "bàbá wa kan" kiri.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa sanwó, oṣù kan péré ni kí ẹ san. Ẹ kó gbogbo ìbéèrè yín jọ kí ẹ tó ṣí i, kí ẹ sì dá ìsanwó tó máa ń tún ara rẹ̀ ṣe lóṣooṣù dúró lọ́jọ́ tí ẹ bá san án. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á máa yọ owó lọ lóṣooṣù lórí náírà wa tí kò dúró sójú kan yìí.

## Wíwá a, ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan

1. Ẹ fi àyè orúkọ sílẹ̀ lófìfo. Ẹ yan ọdún ìkànìyàn. Ẹ fi Liverpool sí ibi tó ń gbé, ẹ fi Lagos sí ibi tí wọ́n bí i, ẹ yan ọkùnrin, ẹ fi ọdún ìbí rẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú àlàfo márùn-ún. Ẹ tẹ ẹ. Ohun tó máa jáde kì í pọ̀, torí èèyàn wa kò pọ̀ níbẹ̀ nígbà náà. Ẹ ka gbogbo rẹ̀ tán lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ ṣọ́ra fún Lagos kejì. Ìlú kan wà ní Portugal tó ń jẹ́ orúkọ yìí, ẹ̀rọ sì lè kó àwọn ará ibẹ̀ mọ́ tiwa, tàbí kó ti tiwa sábẹ́ Portugal. Tí ẹ bá rí Portugal níbi tí ẹ ti ń retí Áfíríkà, ẹ ṣí ojú ìwé náà kí ẹ tó kọ̀ ọ́.

2. Ẹ máa yí ibi tí wọ́n bí i padà. Abẹ́ orúkọ ibòmíràn ni ọ̀pọ̀ wa farapamọ́ sí. Ẹ gbìyànjú gbogbo ìwọ̀nyí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan:

- Lagos, Abeokuta, Abbeokuta, Ibadan
- West Coast of Africa, W C Africa, W C A
- British West Africa
- Southern Nigeria, fún 1901 àti 1911
- Nigeria, fún 1921
- Gold Coast, torí láti 1874 sí 1886 ìjọba Gold Coast ló ń darí Èkó
- Sierra Leone, bó bá jẹ́ ìdílé Sàró
- Africa lásán

Ẹ má sì bínú tí bàbá yín tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú tàbí ọmọ Ọ̀yọ́ bá sọ pé Èkó ni wọ́n bí òun sí. Ẹni tí wọ́n bí sínú kọ́lónì Èkó, ọmọ abẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ni òfin kà á sí. Ẹni tí wọ́n bí sí ilẹ̀ tó yí Èkó ká, ẹni tí ọba ń dáàbò bò lásán ni. Ìyàtọ̀ yẹn lè dí èèyàn lọ́wọ́ iṣẹ́, ta ni kò ní sọ pé Èkó ni?

3. Ẹ fi iṣẹ́ kún un. Ẹ lo seaman, ship's cook, steward, labourer. Ẹ lo fireman náà, ẹ má sì rò pé panápaná ni. Nínú ọkọ̀, fireman ni ẹni tó ń da èédú sínú iná. Trimmer ló ń gbé èédú wá fún un. Greaser àti donkeyman wà nídìí ẹ́ńjìnnì. Ibi iná yẹn ni wọ́n ń kó ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà sí.

4. Ìgbà yìí ni kí ẹ fi orúkọ sí i. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ òyìnbó rẹ̀ nìkan, James tàbí Joseph, pẹ̀lú ibi tí wọ́n bí i. Lẹ́yìn náà, ẹ wá gbé orúkọ Yorùbá wọlé bí etí òyìnbó ṣe lè gbọ́ ọ:

- Gb máa ń di B tàbí G: Gbàdàmọ́sí lè jáde bíi Badamosi tàbí Gadamosi.
- Ṣ lè di S, Sh, nígbà mìíràn Ch: Ṣódípọ̀, Sodipo, Shodipo, Chodipo.
- Fáwẹ́lì iwájú lè bọ́ sílẹ̀: Ọládélé di Ladele, Akínwùmí di Kinwumi.
- Àjàyí lè jẹ́ Ajai, Adjai tàbí Ajayee.
- Orúkọ kan lè já sí méjì: Adéyẹmí di Ade, Yemi di orúkọ ìdílé.

Àmì ìràwọ̀ (*) dúró fún lẹ́tà mélòó kan, àmì ìbéèrè (?) dúró fún ẹyọ kan ṣoṣo. Ad*y*m* á kó Adeyemi, Adeyeme àti Addayemi jọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tún rántí pé ẹni tó ń dà á kọ lónìí náà lè ṣi lẹ́tà kà. Nínú ìkọ̀wé àtijọ́, J àti I jọra, O àti A jọra, L àti S náà sì máa ń dà pọ̀.

5. Ẹ wá ìyàwó. Ìgbésẹ̀ yìí ló ń so èso jù, òun sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò. Alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń ka èèyàn, ibi tó bá sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n kọ ọ́ sí. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ lè wà lójú omi lóru náà, kó má sí nílé, kó má sì sí nínú ìwé.

Ìyàwó rẹ̀ wà nílé. Ẹ wo bó ṣe máa ń rí nínú ìwé 1911 kan: ní òpó ipò nínú ilé, kò sí Head kankan. Ìlà àkọ́kọ́ ni obìnrin kan, wọ́n kọ Wife síwájú orúkọ rẹ̀, Married, wọ́n bí i ní Liverpool. Ní òpó iṣẹ́, Seaman's wife, tàbí kó ṣófo. Ọmọ méjì wà lábẹ́ rẹ̀. Orúkọ ìdílé tí obìnrin òyìnbó yẹn àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹ́ kò jọ ti aládùúgbò kankan. Orúkọ ìdílé yẹn lẹ ń wá. Torí náà, ẹ fi orúkọ ìdílé nìkan wá gbogbo Toxteth ní Liverpool, láìfi ibi ìbí kankan sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún Butetown ní Cardiff, Canning Town àti Custom House ní London, àti South Shields ní àríwá England.

6. Ẹ wo ilé ibùwọ̀ àti ọkọ̀. Ẹni tí kò ní ìyàwó lè jẹ́ boarder tàbí lodger nínú ilé ẹlòmíràn. Tí ẹ bá rí ọmọ Áfíríkà kan nínú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ ka gbogbo orúkọ inú ilé náà. Ó máa ń jẹ́ pé àwọn ará ọ̀nà kan náà ló jọ ń gbé. Ọkọ̀ tó wà ní èbúté lálẹ́ ìkànìyàn náà ní ojú ìwé tirẹ̀, tí wọ́n kọ orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ sí. Ẹ fi orúkọ ọkọ̀ wá a.

7. Ẹ ṣí àwòrán ojú ìwé gan-an. Àdàkọ tí wọ́n tẹ̀ sórí ìkànnì kò tó. Ẹ gbà á sílẹ̀ sórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà yín kó tó di pé oṣù tí ẹ san tán.

8. Ẹ kọ nọ́ńbà ìwé náà. RG 11 ni 1881, RG 12 ni 1891, RG 13 ni 1901, RG 14 ni 1911, RG 15 ni 1921. Ẹ kọ ọ́ pa pọ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà yòókù tó wà lójú ìwé. Láìsí i, ọmọ yín tó bá fẹ́ rí i lọ́dún mẹ́wàá sí i á tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

## Kíka ojú ìwé náà

Nínú ìwé 1881 sí 1901, ẹ máa rí "do" káàkiri. Ohun tó wà lókè ló ń tún sọ. Tí wọ́n bá kọ Lagos sí orí ìlà kan, tí "do" sì wà lábẹ́ rẹ̀, Lagos ni ti ìsàlẹ̀ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àdàkọ orí ìkànnì lè má gbé e síbẹ̀.

Àwọn ìlà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ọjọ́ orí mọ́lẹ̀, àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì ló fà á nígbà tí wọ́n ń kà á. Wọ́n lè sọ 3 di 8 lójú yín. Ẹ fi wé 3 àti 8 mìíràn tí ọwọ́ kan náà kọ lójú ìwé yẹn.

Ẹ má wá àwọ̀ ara níbẹ̀. Ìkànìyàn Gẹ̀ẹ́sì kò béèrè ẹ̀yà títí di 1991. Bí ẹ bá rí "negro" tàbí "man of colour" tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́, akànìyàn ló kọ ọ́ látọkàn ara rẹ̀.

## Ìwé 1939 yàtọ̀

Kò béèrè ibi tí wọ́n bí èèyàn. Ẹ ò rí i pé ohun tí mo ní kí ẹ fi ṣáájú kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀? Ṣùgbọ́n ó ní ọjọ́ ìbí pé pérépéré, iṣẹ́ àti àdírẹ́sì, ẹ sì lè fi àdírẹ́sì wá a lórí Findmypast. Àdírẹ́sì inú lẹ́tà àtijọ́ máa wúlò níbí. Tó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni èèyàn yín, ẹ wo ilé WASU, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lò ní South Villas, Camden Square, láti 1938.

Ẹ rántí pé:

- àwọn tó wà nínú iṣẹ́ ológun lọ́jọ́ yẹn kò sí níbẹ̀
- ìlà ẹni tí kò tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n bí i, tí wọn ò sì ní ẹ̀rí ikú rẹ̀, wà ní bíbò; ọmọ ni ìyẹn sábà máa ń jẹ́, kì í ṣe bàbá àgbà
- orúkọ ìdílé obìnrin lè jẹ́ èyí tí wọ́n fa ìlà pa tí wọ́n sì kọ òmíràn sókè rẹ̀, torí wọ́n ṣì ń lo ìwé náà fún ètò ìlera ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Orúkọ tuntun ni ti ọkọ tó fẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà. Àbùkún ńlá ni, ẹ kọ méjèèjì

## Àṣìṣe tó máa ń bà á jẹ́

Gbígba ẹni àkọ́kọ́. James Williams, Thomas Johnson, Joseph Cole: ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló jẹ́ irú orúkọ yìí, ọmọ Sàró jẹ́ ẹ, ọmọ erékùṣù Caribbean náà jẹ́ ẹ. Kí ẹ tó sọ fún ẹbí pé ẹ ti rí bàbá, ó yẹ kí mẹ́ta nínú ìwọ̀nyí bára mu láìfi orúkọ rẹ̀ kún un: ọjọ́ orí, ibi ìbí, iṣẹ́, àdírẹ́sì, orúkọ ìyàwó tàbí ti ọmọ.

Gbígbẹ́kẹ̀ lé igi ìdílé ẹlòmíràn lórí ìkànnì. Ẹnikẹ́ni ló lè fi ohun tó wù ú síbẹ̀. Ẹ fi ṣe atọ́ka, ẹ má fi ṣe ẹ̀rí. Tí kò bá sí àwòrán ìwé nídìí rẹ̀, ẹ máa lọ.

Kíkọ ẹnì kan sílẹ̀ torí pé ọjọ́ orí rẹ̀ kò bára mu. Ọkùnrin kan lè jẹ́ 24 ní 1901, kó jẹ́ 31 ní 1911. Kò mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, tàbí ó fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ sí òun lọ́wọ́. Àlàfo mẹ́ta tàbí mẹ́rin kò ní kí ẹ jù ú nù.

Sísanwó fún "olùwádìí" orí WhatsApp. Bí ẹni náà bá ní òun ti rí bàbá yín kí ẹ tó sọ ìlú tó lọ fún un, ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

## Tí ìkànìyàn bá kọ̀

Fún òṣìṣẹ́ ọkọ̀, ẹ lọ sí ìwé àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ti 1915. Ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ní ọjọ́ orí, ibi ìbí, àdírẹ́sì ilé àti ọkọ̀ tí èèyàn bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀ kẹ́yìn. Mo mọ̀ pé ìkànìyàn ni àkọlé yìí, ṣùgbọ́n tí bàbá yín bá wà lójú omi ní 1915, ìwé yìí dára ju ìkànìyàn méjèèjì tó yí i ká lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni káàdì àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òwò, 1918 sí 1921. Èyí tí wọ́n ń pè ní CR10 ní fọ́tò lẹ́yìn, òǹkà gíga àti àpèjúwe ara, tó fi mọ́ ilà àti fínfín. Ọ̀dọ̀ àwọn olùtọ́jú ìwé ìlú Southampton ni káàdì náà wà. Ẹ wo àtòjọ rẹ̀ lórí Findmypast, kí ẹ wá kọ̀wé sí Southampton fún ẹ̀dà.

Ẹ wo ìwé èrò ọkọ̀ náà, èyí tó ń wọlé (BT 26) àti èyí tó ń jáde láti 1890 sí 1960 (BT 27). Ọ̀pọ̀ kì í ronú kan ti ìjáde, torí ilé ti gbà pé kò padà. Ó lè ti padà wá sí Àkúrẹ́ tàbí Accra, kó má dé ọ̀dọ̀ yín.

Fún ìgbéyàwó àti ikú, ìkànnì FreeBMD ní àtòjọ ọ̀fẹ́. Nígbà tí ẹ bá ti rí ìdá mẹ́rin ọdún àti nọ́ńbà ojú ìwé, ẹ ra ìwé ẹ̀rí náà tààrà lọ́wọ́ General Register Office, ọ́fíìsì ìjọba tó ń tọ́jú ìwé ìbí, ìgbéyàwó àti ikú. Àwọn ìkànnì alágbàtà ń tà á ní ìlọ́po. Ìwé ìgbéyàwó ló ṣe iyebíye jù nínú gbogbo rẹ̀, torí ó ní orúkọ bàbá ọkọ. Níbẹ̀ lẹ ó ti mọ̀ bóyá ti ilé yín ni.

## Tó bá jẹ́ Amẹ́ríkà ló wà

Ọdún 72 ni wọ́n ń ti tiwọn pa níbẹ̀, ti 1950 sì ti ṣí láti 1 oṣù Kẹrin 2022. Ti 1890 jóná, ó ku díẹ̀. Láti 1880 sí 1930, wọ́n béèrè ibi tí wọ́n bí bàbá àti ìyá olúkúlùkù. Láti 1900 sí 1930, wọ́n béèrè ọdún tí àjèjì wọ̀lú. Wọ́n kọ àwọ̀ ara, ẹ sì lè fi Africa wá ibi ìbí.

Fún àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú, 1870 ni ìkànìyàn àkọ́kọ́ tó kọ orúkọ gbogbo wọn. Ti 1850 àti 1860 ka àwọn ẹrú lọ́tọ̀, ọjọ́ orí, ọkùnrin-bóbìnrin àti àwọ̀ ara, láìsí orúkọ. Ẹ rántí ọkọ̀ ẹrú Clotilda tó gúnlẹ̀ sí Mobile ní Alabama ní 1860. Ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú rẹ̀. Matilda McCrear, ọ̀kan nínú wọn, tó kú ní Selma ní 1940, kò fi ọ̀nà kan ṣoṣo kọ orúkọ ìdílé rẹ̀. Creagher ni orúkọ tí wọ́n fún ilé wọn tẹ́lẹ̀. Òfin ìràwọ̀ àti àmì ìbéèrè kan náà ni.

## Tí ẹ bá rí i, tí ìdílé mìíràn sì wà níbẹ̀

Ó lè jẹ́ pé ìyàwó àti ọmọ lẹ máa bá. Ẹ má gbé e sórí WhatsApp ẹbí lọ́jọ́ náà. Bí ìyàwó ilé tàbí ọmọ rẹ̀ bá ṣì wà láàyè, ẹ lọ bá wọn fúnra yín, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu yín.

Àwọn ọmọ ọmọ tó wà lọ́hùn-ún kò mọ̀ yín rí, ó sì lè jẹ́ pé wọn ò mọ̀ pé Nàìjíríà ni bàbá wọn ti wá. Nínú lẹ́tà àkọ́kọ́:

- ẹ sọ ẹni tí ẹ jẹ́ àti bí ẹ ṣe tan mọ́ bàbá náà
- ẹ fi ẹ̀dà fọ́tò kan àti ojú ìwé ìkànìyàn kan sí i
- ẹ béèrè ohun kan péré, bóyá wọ́n ní fọ́tò rẹ̀
- ẹ má dárúkọ ilẹ̀, ilé, ogún, ìwé ìrìnnà tàbí owó

Bí wọn ò bá fèsì, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan, kí ẹ tó kọ èkejì. Tí èkejì náà kò bá ní èsì, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ fi àdírẹ́sì yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, ẹ má sì lọ kan ilẹ̀kùn wọn láìpè yín.